Àpò Yanrìn Lórí Apá Bàálù: Ibi Tí Àṣà Náà Ti Wá

Bí fídíò ọ̀dọ́ kan tó kan bàálù sẹ́yìnkùlé bá jáde lórí Facebook, ohun tí gbogbo wa máa ń bèèrè ni pé, "Ṣé ó máa fò?" Ní Adó-Èkìtì níbí, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọ Poli ń bèèrè, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn káfíńtà. Fífò kọ́ ló le jù. Bí afẹ́fẹ́ bá gbá a mú lókè, ṣé apá rẹ̀ ò ní ká? Orí ilẹ̀ ni àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ti máa ń dáhùn ìyẹn: wọ́n á dojú bàálù dé, wọ́n á sì máa to àpò yanrìn lé apá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdí tí wọ́n fi ń dojú rẹ̀ dé ni pé òkè ni afẹ́fẹ́ ń ti apá sí, ilẹ̀ sì ni yanrìn ń tẹ̀ sí.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló kú kí àṣà yìí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Lọ́dún 1899, Percy Pilcher ń fi bàálù aláìlẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe àfihàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òjò ti pa á rin. Ọ̀pá kan níbi ìrù rẹ̀ dá lókè, Pilcher já lulẹ̀, ó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Àwọn Wright, tẹ̀gbọ́n tàbúrò tí bàálù wọn fò ní 1903, ṣe tiwọn ní alápá méjì tí wọ́n fi igi àti wáyà dè pọ̀. Ọ̀dọ̀ Octave Chanute ni ọgbọ́n náà ti wá. Ẹnjiníà tó ń kọ́ afárá rélùwéè ni, ó sì ti lò ó sára bàálù aláìlẹ́ńjìnnì ní 1896.

Àwọn Faransé kan ò fẹ́ alápá méjì, alápá kan ni wọ́n ń lò, torí eré ni wọ́n ń wá. Ní oṣù kìíní ọdún 1910, Léon Delagrange yọ ẹ́ńjìnnì kékeré ara bàálù Blériot rẹ̀, ó fi èyí tó lágbára jù ú lọ sí i. Apá bàálù náà ká ní Bordeaux, ó sì pa á. (Kí ẹ̀yin tó ń wá ẹ́ńjìnnì tó tóbi ju ti inú àwòrán lọ jọ̀wọ́ tún ibẹ̀ yẹn kà.) Nígbà tó di 1912, Louis Blériot fúnra rẹ̀, ẹni tó ṣe irú bàálù náà, ló sọ fún ìjọba Faransé pé wáyà ìsàlẹ̀ apá lágbára ṣùgbọ́n tòkè ò tó, torí kò sẹ́ni tó ronú pé afẹ́fẹ́ lè ti apá wálẹ̀. Àwọn ológun dá bàálù alápá kan dúró títí wọ́n fi tún un ṣe.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, kí ogun 1914 tó bẹ́, ni yanrìn ti wọ ilé iṣẹ́ bàálù. Ó wà níbi gbogbo, ó rọrùn láti wọ̀n, ó sì ń tẹ́ ara rẹ̀ sórí aṣọ apá láì gún un.

Ogun náà ló wá fi hàn pé àwòrán lè dáa kí iṣẹ́ ọwọ́ má dáa. Ní ìparí oṣù kẹwàá 1917, apá òkè bàálù Fokker alápá mẹ́ta fọ́ mọ́ Heinrich Gontermann lọ́wọ́, ó sì gba ibẹ̀ kú. Wọ́n yẹ àwọn yòókù wò: iṣẹ́ ọwọ́ burú, ọ̀rinrin ti wọ inú apá, gọ́ọ̀mù ti ń tú. Ìyà yẹn kò jìnnà sí wa. Gọ́ọ̀mù funfun tí wọ́n fi ń kan bẹ́ẹ̀dì ní Èkìtì, omi ń tú u, ó sì máa ń yọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹrù bá pẹ́ lórí rẹ̀. Kò yẹ lára bàálù rárá.

Àwọn tó ń kan bàálù sílé náà ti wà tipẹ́. Santos-Dumont, ọmọ Brazil, kò fi ẹ̀tọ́ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lórí Demoiselle, bàálù rẹ̀ tó fi ọparun ṣe, wọ́n sì tẹ àwòrán rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1910. Ní 1953, Paul Poberezny dá ẹgbẹ́ EAA sílẹ̀ ní Milwaukee fún irú wọn.

Mo mú rúlà lọ sí sọ́ọ̀mìlì kan ní Adó láti wo arère. Igi fúyẹ́ ni, kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí spruce tí wọ́n fi ń kan bàálù, àwọn tó ń ṣe bàálù ìṣeré ní Yúróòpù sì máa ń fi awẹ́ rẹ̀ bo apá. Ṣùgbọ́n ó máa ń tẹ̀ ju spruce lọ. Ìlànà ti spruce ni pé nínú íǹṣì 15, fọ́nrán igi kò gbọ́dọ̀ yà ju íǹṣì 1 lọ. Mo ń fi pẹ́ńsù tọ fọ́nrán lọ lára pákó nígbà tí olówó igi ní, "Bọ̀dá, ṣé ẹ fẹ́ rà á ni, àbí ẹ fẹ́ kà á?" Púpọ̀ nínú pákó rẹ̀ ni kò yege.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò. Ká ní bàálù, awakọ̀ àti epo jẹ́ 500 kg. Òfin tí Amẹ́ríkà lò pẹ́ fún bàálù kékeré tí kì í takìtì lókè ni pé kí apá lè ru ìlọ́po 3.8 ìwọ̀n náà. Ìyẹn jẹ́ 1,900 kg, àpò símẹ́ǹtì 38. Òfin tún ní kí a fi ìdajì lé e kó tó lè ṣẹ́: àpò 57. (Wọ́n á yọ díẹ̀ nítorí ìwọ̀n apá fúnra rẹ̀.) Ìdí apá ni púpọ̀ nínú ẹrù ń lọ, díẹ̀ ló ń kan ṣóńṣó.

Ilé iṣẹ́ ńlá lè fi apá ṣòfò. Ní oṣù kìíní ọdún 1995, Boeing tẹ apá bàálù 777 títí tó fi ṣẹ́ ní ìdá 154 nínú ọgọ́rùn-ún ẹrù tó pọ̀ jù tí wọ́n retí pé kó rù. Ẹni tó ń kàn án sẹ́yìnkùlé, ọ̀kan ṣoṣo ló ní. Àpò 38 ló máa dúró sí, pẹ̀lú igi tí wọ́n fi tì í nísàlẹ̀ kó má baà wó lé ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀. Á wọn bí ṣóńṣó apá ṣe wálẹ̀ tó, á kó àpò kúrò, á tún un wọ̀n. Bí kò bá padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ohun kan ti yẹ̀ nínú rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ gbé e fò. Ẹni tó bá fẹ́ dé 57 yóò kọ́kọ́ kan apá mìíràn.