Rélùwéè Orí Pátákó: Ẹ Wọn Ẹ̀yìn Yín Kí Ẹ Tó Wọn Yàrá

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n wá bá òun kọ́ rélùwéè kékeré tí a fi ń ṣeré sínú yàrá, n kì í tètè bèèrè irú ọkọ̀ tó fẹ́. Mo máa ń ní kó bẹ̀rẹ̀, kó wọ abẹ́ tábìlì tó bá wà nítòsí, kó sì jáde padà. Àwọn kan á rò pé mò ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó dì mú kó tó lè dìde, bí orúnkún rẹ̀ ṣe dún, iye ìgbà tó ké "yéè", gbogbo rẹ̀ ni mò ń fọkàn sí, torí ó wúlò fún mi ju ìwọ̀n yàrá lọ.

Ọ̀pọ̀ lára àwọn tó ń gbé iṣẹ́ yìí wá ló ti fẹ̀yìn tì. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fẹ́ ẹ, iṣẹ́ oòjọ́ àti ọmọ títọ́ ni kò jẹ́ kí wọ́n ráyè. Ìgbà tí àyè máa yọ, ojú ti ń ṣe bàìbàì. Kò sẹ́ni tó ń fi ọjọ́ orí pa mọ́ láàárín wa, ẹ̀fẹ̀ la fi ń ṣe. Àbúrò á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọkọ̀ ló ń dún yẹn àbí orúnkún yín?" Ẹ̀gbọ́n á ní, "Má ṣèyọnu, tìẹ náà ti gbéra, ó ń bọ̀ lọ́nà."

Ọ̀rọ̀ gidi wà nínú ẹ̀fẹ̀ yẹn, nítorí iṣẹ́ yìí kì í tán bọ̀rọ̀. Rod Stewart, olórin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ọdún 23 kọ́ tirẹ̀ kó tó gbé e jáde fún aráyé ní 2019, nígbà tó ti di ẹni ọdún 74. Bó bá ń rìnrìn àjò lọ kọrin, ó máa ń gbé àwọn ilé kéékèèké tó ń kọ́ lọ́wọ́ dání, á sì gba yàrá míì kún tirẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì kó lè ríbi jókòó ṣe é. Ẹ rò ó wò: ara tó bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ ló máa parí rẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ ẹnì kan náà ni. Ara tí ẹ máa ní ní ọdún 15 sí i ni kí ẹ kọ́ ọ fún.

Pátákó ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Odidi páìwúùdù kan fẹ̀ ní mítà 1.22, ó gùn ní mítà 2.44. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ á gbé odidi rẹ̀ kalẹ̀, á tì í mọ́ ògiri kó má bàa gbàyè, á wá kọ́ òkè àti ihò abẹ́ òkè sí igun tó jìnnà sí i jù lọ. Inú ihò yẹn gan-an ni ọkọ̀ á ti máa yẹ̀ kúrò lórí irin. Àgbàlagbà tó dúró lè na apá tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 75 kó sì ṣì fọwọ́ ṣiṣẹ́ tó mọ́yán lórí. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, àyà rẹ̀ ló máa wó ilé àti igi tó ti tò síwájú. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Lórí pátákó tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ọwọ́ àgbàlagbà ò tó ẹ̀yìn, kò sì wọ inú ihò. Ìyà méjèèjì ló jẹ ẹ́.

Ohun tí èmi fara mọ́ ni pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba ara ògiri lọ, tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 60. Ìgbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ yí po padà nìkan ni ẹ máa nílò ibi tó fẹ̀. Ìlàjì òbìrípo kan tó wọ́pọ̀ nínú irin tí wọ́n ń tà láti ilé ìtajà jẹ́ mílímítà 438 láti àárín dé irin, nítorí náà ibẹ̀ á gbà tó mítà kan. Ẹ fi àyè sílẹ̀ kí ẹ lè gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dé ibẹ̀. Bí ihò bá wà, ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ kí odidi ọwọ́ lè wọlé. Kò sẹ́ni tó máa rí i láti iwájú.

Bí irin bá yí yàrá ká, ó di dandan kó kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọ̀dọ́ á ní kò sí wàhálà, àwọn á máa bẹ̀rẹ̀ gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹ fi híńjì sí apá yẹn kó ṣeé gbé sókè, kí ẹ sì fi súìṣì kékeré kan sí abẹ́ rẹ̀ tó máa pa iná irin tó sún mọ́ ọn ní ọ̀tún àti lósì nígbà tó bá wà lókè. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kan ni ọkọ̀ olówó iyebíye máa já bọ́ sórí símẹ́ǹtì.

Gíga ńkọ́? Sẹ̀ǹtímítà 75 tó jẹ́ gíga tábìlì ìjẹun ló burú jù fún ẹni tó ń dúró ṣeré, nítorí ó kéré débi pé ẹ̀yìn á máa tẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Bí ẹ bá máa dúró, ẹ jẹ́ kó tó mítà 1.1 sí 1.2. Ọkọ̀ tiẹ̀ máa ń jọ ti gidi jù bí ojú yín bá ga ju irin lọ díẹ̀ péré. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín bóyá ẹ máa lè dúró fún wákàtí méjì nígbà tó bá yá. Fún ẹni tó ń jókòó, ìyẹn ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ náà, ẹ gbé e wálẹ̀, kí àyè bíi sẹ̀ǹtímítà 70 sì wà lábẹ́ rẹ̀ fún orúnkún. Kí a tún gé pátákó náà sí abala-abala tí èèyàn méjì lè gbé gba ẹnu ilẹ̀kùn kọjá, kí a sì fi bóòtù dè wọ́n pọ̀ dípò gúlúù. Àwọn arúgbó máa ń kó kúrò nílé ńlá lọ sí kékeré. Rélùwéè tí kò ṣeé tú, ayùn ló máa gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ní ti ìwọ̀n ọkọ̀, ẹ máa rí lẹ́tà lára páálí: Z, N, HO, OO, O. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, àlàfo àárín irin méjì rélùwéè gidi jẹ́ mílímítà 1,435. Bí a bá pín in sí 87, ó kù díẹ̀ kó pé 16.5, ìyẹn ni HO. OO tí àwọn ará Bìrìtìkó ń lò wà lórí irin 16.5 yẹn kan náà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ rẹ̀ tóbi sí i díẹ̀, ìdá kan nínú 76, torí pé ọkọ̀ ojú irin tiwọn kéré ju ti àwọn ará Yúróòpù tó kù lọ, mọ́tò ayé ìgbà náà kò sì lè gba inú rẹ̀. N wà lórí irin mílímítà 9, Z lórí 6.5, O lórí 32.

Ẹni tí àyè rẹ̀ kéré á sáré mú N. Ó dáa fún ẹni ọdún 45. Bó bá di 70, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, kí ó tó gbé ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ kò ju hóró ìrẹsì lọ lé irin mílímítà 9, ilẹ̀ á ti ṣú. HO tàbí OO ni mo sábà máa ń gba èèyàn níyànjú láti mú. Bí ọwọ́ bá sì ti ń yọnu jù, kí ẹ mú O, kí ẹ dín irin kù. Ẹ má rò pé irin díẹ̀ túmọ̀ sí eré díẹ̀. Ẹ wo irú eré yìí: ojú irin mẹ́ta tó pàdé, ọ̀kan gba wágúnù 5, méjì tó kù gba 3, 3. Wágúnù 8 ló wà nílẹ̀. Ẹ fa káàdì láti mọ èyí tí 5 nínú wọn máa jẹ́ àti bí wọ́n ṣe máa tò tẹ̀ léra, kí ẹ wá fi ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo tì wọ́n síwá sẹ́yìn títí wọ́n á fi tò bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà 6,720 ni ètò yẹn lè gbà jáde. Àwọn kan ní ó ń jẹ́ kí ọpọlọ àwọn jí pépé. Èmi ò ṣèlérí ìyẹn fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mo mọ àwọn ẹ̀gbọ́n méjì tí wọ́n ń fi jà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Òkè gígùn kì í ṣe ohun tí mo ń bá èèyàn fà. Kí irin kan tó lè gba orí òmíràn kọjá, ó ní láti gòkè tó sẹ̀ǹtímítà 7.5 ní HO. Bó bá ń gòkè ní sẹ̀ǹtímítà 2.5 lórí mítà kọ̀ọ̀kan, mítà 3 ni ẹ máa gbà kí ẹ tó débẹ̀, mítà 3 míì láti sọ̀ kalẹ̀. Yàrá yín ò gùn tó bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ iná ló máa ń kó àgbàlagbà sí wàhálà jù. Irin ló ń gbé iná fún ẹ́ńjìnnì, ọ̀tún jẹ́ ẹsẹ̀ kan, òsì jẹ́ ẹsẹ̀ kejì, táyà ló sì ń gbà á. Ìdè tó so irin kan mọ́ èkejì máa ń dẹ̀ tàbí kó dọ̀tí, ọkọ̀ á wá máa kọ́sẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi lẹ́ẹ̀dì tí a fi iná yọ́ lẹ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ìdí ègé irin kọ̀ọ̀kan, a ó wá so gbogbo wọn mọ́ wáyà nípọn méjì tó gba abẹ́ pátákó já. Àwọn kan máa ń dùbúlẹ̀ sábẹ́ pátákó ṣe iṣẹ́ yìí. Lẹ́ẹ̀dì tó yọ́ kì í sì já sókè, ojú ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló ń já lé. Kí a da abala náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí a tó so ó pọ̀ mọ́ ìyókù, kí ẹ jókòó síwájú rẹ̀ lórí àga, kí gbogbo orí wáyà sì jáde sí etí pátákó níwájú. Ẹ má lo wáyà dúdú àti búlúù pọ̀. Bí a ṣe ń dàgbà, lẹ́ǹsì inú ojú máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, búlúù tó dúdú díẹ̀ á wá jọ dúdú. Pupa àti funfun kì í tan ni.

Ọ̀nà méjì la lè gbà darí ọkọ̀. Ti àtijọ́ ni kí a máa fi iná fólítì 12 lọ sókè sódò. Gbogbo ọkọ̀ tó bá wà lójú irin yẹn ló máa lọ lẹ́ẹ̀kan náà, àfi kí a pín irin sí abala tó ní súìṣì tirẹ̀, kí a sì máa rántí èyí tó wà ní títàn. Ti òde òní ni DCC: iná wà lójú irin nígbà gbogbo, ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ḿbà tirẹ̀ tó ń dáhùn sí. Fún àgbàlagbà, DCC ni mo máa ń yàn, ṣùgbọ́n ẹ fi nọ́ḿbà tí wọ́n kọ sára ẹ́ńjìnnì ṣe nọ́ḿbà rẹ̀, kí ẹ má máa kó nǹkan tuntun sórí. Bí ẹ bá parí wáyà, ẹ fi owó ẹyọ dábùú irin méjèèjì níbi kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ̀rọ pa iná lójú ẹsẹ̀. Níbi tí kò bá ti pa á, wáyà ibẹ̀ kéré tàbí kò lẹ̀ dáadáa. Ní ti ẹni tí ìka rẹ̀ ti ń le, kó rántí pé olórin Neil Young, tó ní ìpín nígbà kan rí nínú Lionel, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe irú rélùwéè kékeré yìí, kópa nínú ṣíṣe ẹ̀rọ ìdarí tí ọmọ rẹ̀ tó ní cerebral palsy, àìlera ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí èèyàn lè darí ara rẹ̀ dáadáa, lè lò. Bọ́tìnì ńlá kì í ṣe ohun ìtìjú.

Ẹ má fowó iná yàrá ṣahun. Ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ẹ̀yìn ojú ẹni ọdún 60 kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tó ń dé ti ẹni ọdún 20. Gílóòbù kan láàárín àjà kò tó. Ẹ gbé iná sí òkè iwájú pátákó kí òjìji orí yín má bàa bo iṣẹ́. Ẹ ra awò tí wọ́n ń dè mórí, tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Ẹ̀gbọ́n kan ra tirẹ̀, ó dè é, ó wo abúlé tó ti kùn tipẹ́, ó bi mí pé ọmọ wo ló kun ilé wọ̀nyí rádaràda báyìí. Òun fúnra rẹ̀ ló kùn wọ́n. Mo ní kó bọ́ awò náà, kó sún sẹ́yìn, abúlé sì tún dára. Ohun tí a kò lè rí láti ibi tí a ti ń wò ó, kò yẹ ká pa ara wa lórí rẹ̀.

Bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, kí ọrùn ọwọ́ méjèèjì fara ti etí tábìlì, kí ẹ sì yẹra fún gúlúù tó ń gan láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Bí etí bá ti ń kú, ohùn tó tínrín ló kọ́kọ́ ń lọ, ohùn tínrín náà sì ni ìdí táyà tó gbẹ máa ń ké. Ẹ pe ọmọ-ọmọ yín kó wá gbọ́ ọ. Kó sì fọwọ́ rẹ̀ bá yín wọ inú ihò, nígbà tí ẹ̀yin bá ń ṣí páálí ìdọ̀tí yín: wáyà àjákù, táyà àlòkù, àgánrándì, òrùlé ilé tó ti wó. Bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, nínú páálí yẹn sì ni gbogbo àtúnṣe ti ń jáde.

Òkúta wẹ́wẹ́ àárín irin ló kẹ́yìn. Ẹ má tètè dà á. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ọkọ̀ tí ẹ ní sáré lórí irin lásán fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ibi tó ń yẹ̀ ti fara hàn. Lẹ́yìn náà, ẹ da òkúta, ẹ fọ́n omi sí i, kí ẹ wá kán gúlúù funfun àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tí ẹ fi omi lú, ìdajì-ìdajì, pẹ̀lú ẹ̀kán ọṣẹ olómi kan kó lè wọlé. Bó bá gan, kò ní ṣí mọ́, àfi kí ẹ tún fi omi rin ín. Bàbá ẹni ọdún 78 kan bi mí pé ṣé ó máa tó ogún ọdún. Mo ní á tó o. Ó ní kí n bá òun wá èyí tó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.