Kí ni hẹlikópítà pupa-àti-funfun yẹn ń wá lójú òkun?

Tí ẹ bá ń gbé létí òkun ní Ìlú Ọba, bó pẹ́ bó yá ẹ máa rí hẹlikópítà ńlá kan tó pupa tó tún funfun, wọ́n kọ Coastguard gàdàgbà sí i lára, nọ́ńbà rẹ̀ sì máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú G-MC. Kì í ṣe ti ọlọ́pàá o, ti Coastguard ni, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń gba àwọn tó wà nínú ewu lójú òkun là. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó wá ẹni tó sọnù tàbí tó fẹ́ rì, kó sì gbé e jáde. Títí di 2015 àwọn ológun ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, hẹlikópítà Sea King aláwọ̀ yẹ́lò ni RAF, ìyẹn ológun òfuurufú, ń lò, Prince William gan-an wà lára àwọn tó wa Sea King yẹn ní Anglesey, erékùṣù kan ní Wales, àmọ́ látìgbà náà Coastguard ló ni gbogbo iṣẹ́ ọ̀hún, ilé iṣẹ́ aládàáni kan tó ń jẹ́ Bristow sì ló ń bá wọn fò ó.

Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ni pé ẹnì kan á pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, á ní Coastguard lòun fẹ́, tàbí ọkọ̀ ojú omi kan á ké gbàjarè lórí rédíò, ní channel 16 tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irú ẹ̀, tàbí kí ẹ̀rọ kékeré tó ń kéde ewu, èyí tó ń lo 406 MHz, tó wà nínú ọkọ̀ ránṣẹ́ sí sàtẹ́láìtì. Ọ́fíìsì wọn ní Fareham, ní gúúsù England, ló máa yan hẹlikópítà tó máa lọ. Lójú mọmọ, ìṣẹ́jú 15 ni wọ́n fún wọn láti gbéra, lóru ìṣẹ́jú 45.

Tó bá ti dókè, bó ṣe ń rìn ló máa sọ ohun tó ń ṣe fún yín. Tó bá ń lọ tó ń bọ̀ ní ìlà ìlà bí ẹni ń kọ ebè, a jẹ́ pé agbègbè tó fẹ̀ ni wọ́n ń wò, wọn ò tíì mọ ibi tí ẹni náà wà. Tó bá bẹ̀rẹ̀ lójú kan, tó ń yí i po ní igun mẹ́rin, tí igun yẹn wá ń fẹ̀ sí i, wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti rí i gbẹ̀yìn nìyẹn. Ẹ lè rí àwọn ìlà yìí kedere lórí Flightradar24, áàpù tó ń fi ibi tí ọkọ̀ òfuurufú wà hàn, nínú fóònù yín. Ohun tó sì le níbẹ̀ ni pé òkun kì í fi èèyàn síbi tó já sí, ẹni tó já sómi ní aago méjì, tó bá fi máa di aago méjì ààbọ̀ ìṣàn omi àti afẹ́fẹ́ ti wọ́ ọ lọ, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò ibi tó lè ti dé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Orí nìkan ló sì máa ń yọ lójú omi, látòkè yẹn kò ju àgbọn lọ. Lóru, kámẹ́rà tó ń rí ooru ara ló máa ń gbà wọ́n.

Tó bá wá dúró gbagidi lófuurufú, yálà wọ́n ti rí i tàbí ìdánrawò ni, torí wọ́n máa ń ṣe ìdánrawò dáadáa. Ibí ló wú ni lórí jù. Èèyàn mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀, páílọ́ọ̀tì méjì, ẹni tó ń darí wáyà lẹ́nu ilẹ̀kùn, àti ẹni tó máa so kọ́ wáyà náà sọ̀ kalẹ̀, tó tún mọ iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn. Páílọ́ọ̀tì ò lè rí ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀ gan-an, ẹni ẹnu ilẹ̀kùn ló ń bá a ríran, á máa sọ fún un kó sún síwájú díẹ̀, kó lọ sọ́tùn-ún, kó dúró, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe máa sọ ọ́ títí ẹsẹ̀ ẹni tó ń sọ̀ á fi kan ọkọ̀. Wáyà yẹn máa ń gbé iná mọ̀nàmọ́ná wá látòkè, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ fọwọ́ kan omi tàbí ilẹ̀ kí ẹ tó dì í mú. Tí wọ́n bá sì ju okùn sínú ọkọ̀ yín, ọwọ́ ni kí ẹ fi mú un, ẹ má so ó mọ́ ọkọ̀ láéláé.

Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ wá sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀ kì í ṣe kékeré rárá. Ní 2022, ó gbé obìnrin àgbàlagbà kan ṣubú ní ibi ìgbọ́kọ̀sí ọsibítù kan ní Plymouth, ìyá náà sì kú. Torí náà ẹ di àwọn ọmọ mú, ẹ ká agboòrùn, ẹ sún sẹ́yìn dáadáa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbé drone sókè, ẹ má sì tan tọ́ọ̀ṣì sójú wọn lóru. Ẹ má juwọ́ kí wọn lásán náà, wọ́n lè rò pé ẹ̀yin lẹ wà nínú wàhálà. Ẹni tó bá nílò ìrànlọ́wọ́ lóòótọ́ ló máa na ọwọ́ méjèèjì sókè bíi lẹ́tà Y.

Tí ẹ bá sì rí i tó ṣàdédé fi àyíká tó ń wò yẹn sílẹ̀, tó dorí kọ ìlú tó ń sáré gan-an, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n ti gbé ẹnì kan, ọsibítù ni wọ́n ń lọ.