Ẹ wo ṣọ́ọ̀kì kí ẹ tó gé sípíríǹgì

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé Golf GTI rẹ̀, ọkọ̀ asáré Volkswagen, wá bá mi láti Kétu. Ìran Golf karùn-ún ni, irú èyí tó jáde ní 2004, ọkọ̀ tó dáa gan-an. Ẹnìkan ti bá a gé sípíríǹgì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọkọ̀ náà wá lọ sílẹ̀ débi pé ìka mi kan kò lè wọ àárín táyà àti irin tó bò ó. Ìyá rẹ̀ ló jókòó sẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n di ìbàdí mú, wọ́n ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi bẹ ọmọ yìí, gbogbo eegun mi ló ń ro mí." Ọmọ náà ní tirẹ̀ ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi wá sípíríǹgì tó tún le ju èyí lọ. Tí mo bá wọ kọ́ọ̀nà, ẹ̀yìn ọkọ̀ máa ń fẹ́ sá fún mi."

Mo sọ fún un pé ọ̀rọ̀ òun àti ti Ìyá, ọ̀kan náà ni.

Sípíríǹgì ló ń gbé ẹrù ọkọ̀. Bí táyà bá gun ibi tó ga, sípíríǹgì á fún pọ̀. Ohun tó bá fún pọ̀ á fẹ́ nà padà, bó bá nà tán á tún fún, títí tí ọkọ̀ á fi máa fò bí ẹṣin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì, tí àwa ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tún ń pè ní amọtísọ̀, ni ìjánu ẹṣin yẹn. Epo wà nínú rẹ̀, ihò tín-ín-rín sì wà lára písítìn tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú epo náà. Tipátipá ni epo fi ń gba inú ihò yẹn kọjá, agbára tó yẹ kó máa mú ọkọ̀ fò á sì di ooru. Ẹ fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì tó dáa lẹ́yìn ọ̀nà burúkú, ẹ ó rí i pé ó gbóná.

Táyà kọ̀ọ̀kan, ibi tó kan ilẹ̀ lára rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ èèyàn lọ púpọ̀. Àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin yẹn ni gbogbo ohun tí ẹ fi di ọ̀nà mú. Èyí tó bá kúrò nílẹ̀ nínú wọn, bíréèkì kò ràn án, sítíárìn kò ràn án. Lórí ọ̀dà tó tẹ́jú bí àwo, sípíríǹgì líle lè dáa, torí kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ fì. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e dé orí bíríkì tí wọ́n tẹ́ sí àdúgbò wa, tàbí ilẹ̀ pupa tó ti gbẹ tó sì rí wúruwùru, táyà á kàn máa ta pọ́nńpọ́n lórí rẹ̀ ni. Lọ́dún 1975, Peugeot 504 ló gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní Kenya, níbi tí ọ̀nà ti burú ju tiwa lọ. Àwọn tó ti wọ 504 rí mọ bí ó ṣe rọ̀ tó, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń rìn jìnnà sókè àti sísàlẹ̀. Rírọ̀ yẹn, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tó ń kó o níjàánu, ni mo fẹ́ kí ẹ máa fojú inú wò nígbà tí ẹ bá ń ná owó lórí ọkọ̀ asáré.

Mo tú táyà iwájú Golf náà. Mo ká rọ́bà tó bo ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì sókè, epo ti jò, yẹ̀pẹ̀ pupa ti pò mọ́ ọn, ó dì bí ẹ̀kọ. Rọ́bà ìdádúró, èyí tó yẹ kó gba ṣọ́ọ̀kì mọ́ra bó bá rìn dópin, ti fọ́ wẹ́wẹ́. Mo wá ti irin bọ abẹ́ apá ìsàlẹ̀ tó di táyà mú, mo gbé e díẹ̀, búùṣì tó wà lẹ́yìn, ìyẹn rọ́bà ibi tí apá náà ti so mọ́ ara ọkọ̀, sì la ẹnu gbàgà. Mo ní kí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ kó wò ó. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i ní kọ́ọ̀nà nìyẹn. Wọ́n gé sípíríǹgì, kò wá sí àyè kankan mọ́ fún ṣọ́ọ̀kì láti rìn. Bí ọkọ̀ bá fì díẹ̀, ó ti kan òpin. Ní kété tó bá kan òpin, ẹsẹ̀ yẹn á le gbagidi lẹ́ẹ̀kan náà, táyà á sì já kúrò lórí ọ̀nà láìkìlọ̀. Búùṣì tó ti ya tún ń jẹ́ kí táyà máa yà síhìn-ín sọ́hùn-ún fúnra rẹ̀. Bí mo bá fún un ní sípíríǹgì tó tún le sí i, mo ti tì í sínú igbó nìyẹn.

Táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ fowó sí. GTI yìí máa ń bá 225/45 R17 dé: 225 ni ìbú táyà ní mílímítà, 45 ni iye tí ògiri rẹ̀ ga tó nínú ọgọ́rùn-ún ìbú náà, 17 sì ni ìwọ̀n ríìmù ní ìǹṣì. Ògiri táyà náà, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti ríìmù dé ibi tó ń kan ilẹ̀, ga tó mílímítà 101. Ọmọ yìí ti gbé 225/40 R18 sí i, ó di 90. Mo dá a lábàá pé kó lo 205/55 R16, tí ògiri rẹ̀ tó mílímítà 113, bí ríìmù kò bá ti kan bíréèkì. Afẹ́fẹ́ inú ògiri yẹn, sípíríǹgì lòun náà, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ máa wọn afẹ́fẹ́ nígbà tí táyà tutù.

Lẹ́yìn èyí ló kan búùṣì, lẹ́yìn náà ṣọ́ọ̀kì. Méjì-méjì ni ká máa pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì, ti ọ̀tún àti ti òsì pọ̀. Tuntun sì ni kó jẹ́. Mi ò gba ti tòkunbọ̀, torí rọ́bà inú rẹ̀ ti gbó kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Sípíríǹgì ló gbẹ̀yìn. Bí ẹ bá fẹ́ kó lọ sílẹ̀ dandan, mi ò lè ju mílímítà 25 lọ lórí ọ̀nà wa, pẹ̀lú sípíríǹgì tí wọ́n ṣe fún un, kì í ṣe èyí tí ayùn ti kọjá lára rẹ̀. Ẹ má sì tú sípíríǹgì lára ṣọ́ọ̀kì nílé o. Bó bá já láìsí irinṣẹ́ tó ń fún un mọ́lẹ̀, ó lè pa èèyàn.

Ẹ̀yin tó ní Peugeot 205 tàbí 206, ẹ má wá sípíríǹgì lẹ́yìn tiyín. Ọ̀pá irin tó ń lọ́ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá dúró sẹ́yìn ọkọ̀, tí orí táyà méjèèjì dà sínú, béárìn inú irin ìdábùú ẹ̀yìn ló ti jẹ, ìyẹn sì ni ẹ máa tún ṣe kí ẹ tó ronú ohun mìíràn.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ àwa mẹkáníìkì ń ṣe tó ń dùn mí. A ó gbé ọkọ̀ sókè lórí jáàkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á rọ̀ wálẹ̀, a ó fi búùṣì tuntun sí i, a ó sì dè é pinpin níbẹ̀. Bí a bá sọ ọkọ̀ kalẹ̀, búùṣì ti lọ́ láti ọjọ́ kìíní. Kò ní pẹ́ ya. Ẹ fi nọ́ọ̀tì mú un díẹ̀, ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí táyà rẹ̀, kó gbé ẹrù rẹ̀, kí ẹ tó wá dè é tán. Ẹ dúró ti mẹkáníìkì yín kó ṣe é lójú yín. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ ṣe aláìmẹ́ǹtì, ìyẹn títo táyà kó lè dojú kọ ibi tó yẹ.

Golf náà lo ọjọ́ méjì lọ́dọ̀ mi. Kó tó lọ, mo so okùn ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì iwájú, irú èyí tí wọ́n fi ń di wáyà. Bí ṣọ́ọ̀kì bá ń wọlé, á máa ti okùn náà lọ, ibi tó bá rìn dé ni okùn á dúró sí. Mo ní kí ọmọ náà wa ọkọ̀ dé Ìtakété, kó gba ojú ọ̀nà bó ṣe máa ń gbà á, kó sì gbé Ìyá sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n padà dé, a jọ bẹ̀rẹ̀ wò ó: ó ku ìbú ìka méjì kó tó kan rọ́bà ìdádúró.