"Ra Èyí Tówó Ẹ̀ Wálẹ̀, Kó O Fi Owó Tó Kù Tún Un Ṣe"

Láti Takie títí dé Under-G níbi táwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH pọ̀ sí, ìmọ̀ràn yìí ni wọ́n máa ń gba ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ spọ́ọ̀tì tòkúnbọ̀. Fún Corolla tàbí Camry, ó lè jẹ́ òótọ́. Páàtì wọn wà nílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn mẹkáníìkì wa sì mọ inú wọn dáadáa. Ti ọkọ̀ spọ́ọ̀tì yàtọ̀ pátápátá, ó sì ń dùn mí bí mo bá rí ọ̀dọ́ tó kó gbogbo owó tó tù jọ lé e lórí.

Bí ọkọ̀ bá ṣe ń gbó ni owó rẹ̀ ń já wálẹ̀, ṣùgbọ́n owó páàtì rẹ̀ kì í bá a já wálẹ̀. Ẹṣin tí wọ́n tà ní pọ́ọ́kú, oúnjẹ ẹṣin náà ni yóò máa jẹ.

Ẹ wo Porsche Boxster àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ṣe láti 1996 sí 2004. Bí ẹ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ibi ẹrù lẹ máa bá. Ẹ ṣí ẹ̀yìn, ibi ẹrù náà ni. Àárín ni ẹ́ńjìnnì wà, lẹ́yìn ìjókòó. Bẹ́ríìnì kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní IMS. Bó bá fọ́, ó lè ba odindi ẹ́ńjìnnì jẹ́, kí ọwọ́ sì tó tó o, wọ́n ní láti sọ jíà kalẹ̀. Ẹni tó ti pààrọ̀ rẹ̀, tó ní rìsíìtì lọ́wọ́, tó wá fi mílíọ̀nù kan lé owó tiẹ̀, kò rẹ́ yín jẹ rárá.

Mazda RX-8 ńkọ́? Kò ní písítìnì. Ohun onígun mẹ́ta ló ń yí nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Bí síìlì orí igun wọ̀nyẹn bá ti jẹ, kì í fẹ́ jí mọ́ lẹ́yìn tó bá ti gbóná. Tí olùtà bá sọ pé bátìrì ló fà á, ẹ ní kí wọ́n wọn kọ̀mpúréṣàn rẹ̀, ìyẹn agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, kí ẹ tó sanwó.

Ẹ má sì jẹ́ kí kílómítà kékeré tàn yín. Wọ́n lè yí i padà, ọkọ̀ tó sì dúró sójú kan fún ọdún púpọ̀, rọ́bà àti síìlì rẹ̀ á ti gbẹ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ táyà: bí nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn bá jẹ́ 2318, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2018 ni wọ́n ṣe é. Ti Boxster, iwájú àti ẹ̀yìn kì í ṣe ìwọ̀n kan náà, ẹ ò lè fi ọ̀kan dípò èkejì.

Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ lọ wò ó, kí ẹ sì bẹ olùtà kó má tíì tan án. Nígbà tí ẹ bá wá tan án, bí èéfín aláwọ̀ búlúù bá ń jáde, ó ń jó ọ́ìlì nìyẹn. Bí ìdérí ọ́ìlì bá ní ohun tó dà bíi mílíìkì nínú, ó ṣeé ṣe kí omi ti dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀ dáadáa, torí ọkọ̀ tó kúrú nílẹ̀ ni kòtò ojú ọ̀nà wa kọ́kọ́ ń hàn léèmọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ gbogbo ohun tó nílò sílẹ̀, kí ẹ bèèrè iye wọn ní Ládípọ̀, ọjà páàtì ọkọ̀ l'Ékòó, kí ẹ fi owó iṣẹ́ kún un. Bí èyí tí wọ́n ń tà ní mílíọ̀nù mẹ́jọ bá di méjìlá, èyí tí wọ́n pè ní mọ́kànlá ló pọ́ọ́kú jù. Olùtà tí kò bá sì jẹ́ kí mẹkáníìkì yín fọwọ́ kàn án, ẹ dágbére fún un.