Gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́: kí ló há owó rẹ̀ sọ́nà?

Ìbéèrè: Iléeṣẹ́ ńláńlá ń ṣèlérí pé àwọn á dín èéfín tó ń mú ayé gbóná kù. Ìjọba ń ṣèlérí, báǹkì náà ń ṣèlérí. Kí ló dé tí a kò rí iṣẹ́ tó tó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹnu dùn ún ròfọ́. Ẹni tó fẹ́ yáni lówó kì í wo ìlérí, ohun tó lè yẹ̀ wò fúnra rẹ̀ ló ń wò. Ọ̀rọ̀ tí kò yéni ló ń bí àìfọkàntánni, àìfọkàntánni ló sì ń sọ owó di ọ̀wọ́n. Àwọn èèyàn sábà máa ń to ọ̀rọ̀ sísọ, ìfọkàntánni àti owó kalẹ̀ bí ìṣòro mẹ́ta. Lójú tèmi, okùn kan ṣoṣo ni, ibi tó ti ń já sì ni ọ̀rọ̀ sísọ.

Ìbéèrè: Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe lè dá irú wàhálà yìí sílẹ̀ nígbà tí kò sẹ́ni tó purọ́?

Ìdáhùn: Ká ní a ṣí ìwé ìròyìn ọdọọdún iléeṣẹ́ kan, irú èyí tí wọ́n ya ewé tútù sí ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí ojú ìwé kìíní pé: “A ti fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún dín èéfín wa kù.” Inú èèyàn á dùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo àkọsílẹ̀ wínníwínní tó wà nísàlẹ̀: orí ọjà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ṣírò rẹ̀. Lọ́dún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọjà 100,000 ni wọ́n ṣe, kílò 10 afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù sì ń jáde lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tọ́ọ̀nù 1,000 ni àpapọ̀ rẹ̀. Ní báyìí, kílò 7 ló ń jáde lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, òótọ́ ni, àmọ́ ọjà 200,000 ni wọ́n ń ṣe. Tọ́ọ̀nù 1,400 nìyẹn. Ohun tí wọ́n ní ó ti fi ìdá 30 dín kù, ìdá 40 ló fi pọ̀ sí i lójú sánmà.

Wọn ò purọ́. Síbẹ̀, ẹni tó bá jókòó ṣírò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní gba ìwé wọn tó ń bọ̀ gbọ́ mọ́, kódà bó bá jẹ́ pé òdodo pọ́ńbélé ló wà nínú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ “carbon neutral” tí wọ́n ń kọ sára ọjà, ìyẹn ni pé kò dá kún èéfín ayé. Olùrajà á rò pé èéfín kankan ò jáde nígbà tí wọ́n ń ṣe ọjà náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó túmọ̀ sí ni pé èéfín jáde, iléeṣẹ́ wá sanwó kí ẹlòmíràn lè gbin igi síbi tó jìnnà. Ilẹ̀ Yúróòpù ti ṣòfin lórí èyí lọ́dún 2024: láti ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2026, kò sáyè fún iléeṣẹ́ láti polówó ọjà bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà tó bá jẹ́ irú owó igi yẹn ló fẹ̀yìn tì. Ó dùn mọ́ mi nínú pé wọ́n ṣe é.

Ìbéèrè: Ẹ̀tàn gidi ńkọ́? Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ rí?

Ìdáhùn: Ó ti ṣẹlẹ̀. Iléeṣẹ́ Volkswagen ti Jámánì polówó ọkọ̀ díísù tó mọ́ fún àwọn ará Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, àjọ tó ń bójú tó àyíká níbẹ̀ tú àṣírí wọn: ètò kọ̀ǹpútà kan wà nínú ọkọ̀ tó ń mọ ìgbà tí wọ́n bá ń ṣàyẹ̀wò rẹ̀. Nínú àyẹ̀wò, èéfín á mọ níwọ̀n. Tó bá délẹ̀ títì, èéfín nitrogen á tú jáde ju ohun tí òfin gbà láyè lọ fíìfíì. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 ọkọ̀ kárí ayé ló ní ètò yìí nínú, ó sì ná iléeṣẹ́ náà ju bílíọ̀nù 30 owó yúrò lọ. Èyí tó ń dùn mí jù ni ìyà tó jẹ aláìṣẹ̀: láti ìgbà náà, ẹni tó ṣe ohun tó mọ́ lóòótọ́ ní láti kọ́kọ́ fi hàn pé òun kì í ṣe ẹlẹ́tàn.

Ìbéèrè: Ibo ni ìyẹn ti kan èlé orí owó?

Ìdáhùn: Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Iléeṣẹ́ amúnáwá tó ń jó epo máa ń ra epo díẹ̀díẹ̀ títí ayé rẹ̀. Ti iná oòrùn kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀ ń lọ, torí pé oòrùn kì í gbowó epo lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ẹ̀yáwó ni wọ́n sábà fi ń kọ́ ọ, èlé ló sì ń pinnu bóyá á ṣeé ṣe.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹnì kan yá mílíọ̀nù dọ́là kan, ó fẹ́ san án tán láàárín ogún ọdún, iye kan náà lọ́dọọdún. Bí èlé bá jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, nǹkan bíi dọ́là 80,000 ni yóò máa san lọ́dún. Bí ó bá jẹ́ ìdá 15, yóò sún mọ́ dọ́là 160,000. Páńẹ́ẹ̀lì kan náà, oòrùn kan náà, ìlọ́po méjì owó. Kì í ṣe àsọdùn: àjọ IEA, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iná àti epo lágbàáyé, ti fi hàn pé èlé àti èrè tí àwọn olówó ń béèrè lórí owó tí wọ́n fi ń kọ́ iléeṣẹ́ iná oòrùn ńlá lọ́pọ̀ orílẹ̀-èdè tó ń dàgbà sókè ju ìlọ́po méjì ti àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ lọ.

Kí ló wà nínú àlékún yẹn? Ìbẹ̀rù ni. Ayánilówó ń bẹ̀rù pé owó ilẹ̀ ibẹ̀ lè já wálẹ̀, pé ìjọba lè yí òfin padà, pé ẹni tó ń ra iná lè má san owó, pé ìṣirò tí wọ́n gbé wá lè má jẹ́ òótọ́. Mo gbà pé àwọn kan wà níbẹ̀ tí iléeṣẹ́ kò lè ṣe nǹkan kan sí. Èyí tó kẹ́yìn nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá.

Ìbéèrè: Owó tí àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ ṣèlérí dà?

Ìdáhùn: Níbi àpérò àgbáyé lórí ojú ọjọ́ tó wáyé ní Copenhagen lọ́dún 2009, wọ́n ní tó bá fi máa di 2020, àwọn á máa kó dọ́là bílíọ̀nù 100 jọ lọ́dọọdún fún àwọn orílẹ̀-èdè tó ń dàgbà sókè. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò OECD, àjọ tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ wà nínú rẹ̀, ọdún 2022 ni wọ́n tó kọ́kọ́ dé iye náà. Ẹ̀yáwó ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bùn, bẹ́ẹ̀ wọ́n ka owó tí èèyàn á dá padà mọ́ owó ìrànlọ́wọ́. Níbi irú àpérò kan náà ní Baku lọ́dún 2024, wọ́n tún dárúkọ bílíọ̀nù 300 lọ́dọọdún, tó bá fi máa di 2035. Ẹni tó bá rántí ti 2009 kò lè fi gbogbo ara gba tuntun.

Ìbéèrè: Iléeṣẹ́ kékeré tí kò ní ẹni tó mọ ìṣirò yìí ńkọ́?

Ìdáhùn: Àwọn ni mò ń ro jù. Ìlànà GHG Protocol, tí àwọn iléeṣẹ́ kárí ayé fi ń ṣírò èéfín wọn, pín èéfín iléeṣẹ́ sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tó jó fúnra rẹ̀, èyí tó wà nínú iná tó rà, àti ti gbogbo àwọn tó ń bá a ṣòwò. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ńlá, ìkẹta yìí ló pọ̀ jù. Nítorí náà, wọ́n á kó ìbéèrè rẹpẹtẹ ránṣẹ́ sí àwọn kéékèèké tó ń kó ọjà fún wọn. Ẹni tí kò rí i dáhùn lè pàdánù oníbàárà, kì í ṣe torí pé ó ń ba ojú ọjọ́ jẹ́, bí kò ṣe torí pé kò ní àkọsílẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò le tó bí wọ́n ṣe ń mú un le. Ẹ kó rìsíìtì epo àti bíìlì iná jọ. Lítà epo díísù kan, bó bá jó tán, nǹkan bíi kílò 2.7 afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù ló ń jáde. Ẹni tó ń jó lítà 500 lóṣù, bíi tọ́ọ̀nù 16 nìyẹn lọ́dún. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ kọ ọdún rẹ̀, ẹ tọ́jú rìsíìtì.

Ìbéèrè: Ṣé kò ní sàn kí iléeṣẹ́ kúkú dákẹ́, kí wọ́n má bàa pè é ní ẹlẹ́tàn?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹni tó dákẹ́ kò fún báǹkì ní ohunkóhun tó lè yẹ̀ wò.

Ìbéèrè: Irú ọ̀rọ̀ wo wá ni olówó máa ń gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Èyí tó ṣeé tọ lẹ́sẹ̀. Nígbà tí Báǹkì Ìdókòwò Yúróòpù kọ́kọ́ ta bọ́ǹdì ojú ọjọ́ (ìwé tí wọ́n fi ń yá owó lọ́wọ́ àwọn tó ń dókòwò) lọ́dún 2007, iṣẹ́ iná aláìléèérí àti ọ̀nà àti-dín iná tí à ń lò kù ni wọ́n ya owó rẹ̀ sọ́tọ̀ fún. Báǹkì Àgbáyé tẹ̀ lé wọn lọ́dún 2008. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, àjọ ISSB, tó ń ṣe ìlànà ìjábọ̀ fún àwọn iléeṣẹ́ lágbàáyé, gbé ìlànà jáde kí àwọn iléeṣẹ́ orílẹ̀-èdè púpọ̀ lè máa fi èdè kan náà jábọ̀ fún àwọn tó ń dókòwò.

Ṣùgbọ́n ìlànà nìkan kò tó. Bó bá jẹ́ èmi ni mò ń yáni lówó, irú gbólóhùn tí mo fẹ́ kà rèé: “A ṣèlérí pé àpapọ̀ èéfín wa kò ní ju tọ́ọ̀nù 800 lọ lọ́dún yìí. 930 la bá a dé. Ẹ̀rọ ìgbómigbóná kejì ni a kò tíì rí owó pààrọ̀. Iye tó kù tí a nílò nìyí, rìsíìtì ti àkọ́kọ́ sì wà lẹ́yìn ìwé yìí.” Ẹni tó kọ èyí jẹ́wọ́ pé òun kò mú ìlérí òun ṣẹ, síbẹ̀ mo ti mọ ẹ̀rọ tí owó mi máa rà.