Ṣé iṣan máa ń gùn sí i téèyàn bá ń nara déédéé?

Ìbéèrè: Oṣù kan rèé tí mo ti ń nara láràárọ̀. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láì tẹ orúnkún, agbede ojúgun ni ọwọ́ mi ń mọ. Ní báyìí, ó ti ń kan ìka ẹsẹ̀. Ṣé iṣan mi ló gùn sí i ni?

Ìdáhùn: Ó jọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n láàárín oṣù kan, ọpọlọ yín ló yí padà ju iṣan lọ. Inú iṣan ni àwọn aṣọ́nà tíntìntín kan wà tó ń ṣọ́ bí a ṣe ń fà á tó. Bí a bá fà á lójijì, wọ́n á ta okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn lólobó, iṣan á sì súnkì kó má baà ya. Ohun tó ń dùn yín lẹ́yìn itan nígbà náà, ìkìlọ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Iṣan ṣì lè nà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ń rọra nà án léraléra, ara á rí i pé kò séwu, á sì máa pẹ́ kó tó kígbe. (Nínà tí mò ń wí yìí, kì í ṣe ti ẹgba o.)

Ìbéèrè: Àǹfààní wo ló wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí kíkan ìka ẹsẹ̀?

Ìdáhùn: Èjìká, ọrùn àti ìgbáròkó á máa yí fàlàlà. Ẹ ó lè fa síìpù ẹ̀yìn aṣọ fúnra yín, ẹ ó lè wẹ̀yìn bí ẹ bá ń fi mọ́tò rìn sẹ́yìn. Ẹni tó ń jókòó látàárọ̀ ló nílò rẹ̀ jù.

Ìbéèrè: Ṣé kì í jẹ́ kí ara ro èèyàn lẹ́yìn eré ìdárayá?

Ìdáhùn: Rárá, ìyàtọ̀ tó ń mú wá kò tó nǹkan. Kódà, bí ẹ bá na iṣan kan pa fún ohun tó ju ìṣẹ́jú kan lọ kí ẹ tó sáré àsápajúdé, agbára rẹ̀ lè dín díẹ̀.

Ìbéèrè: Báwo ni kí n ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ rìn díẹ̀ kí ara móoru. Ẹ na ibì kan fún ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 30, títí àpapọ̀ rẹ̀ á fi pé 60, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ má ta pọ́ún-pọ́ún, ẹ má sì sé èémí.

Ìbéèrè: Bí mo bá fi í sílẹ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọwọ́ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí ojúgun.