Ibi Tí Ìfẹ́ Sí Ẹ̀dà Àtijọ́ Eré Ìjà Melee Ti Ṣẹ̀

Ní ilé iṣẹ́ HAL Laboratory ní Japan ni Masahiro Sakurai ti ro gémù ìjà kan tí ènìyàn mẹ́rin lè jọ gbá, èyí tí ó di Super Smash Bros., Satoru Iwata tí ó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ nígbà náà sì ń fi òpin ọ̀sẹ̀ rẹ̀ kọ ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀. Nínú gémù yìí, ẹ̀mí ẹni kì í dín kù bí wọ́n ṣe ń lù ú. Iye ìpalára rẹ̀ ni ó ń ga sí i, bí ó bá sì ṣe ga tó ni ẹ̀ṣẹ́ kan yóò ṣe gbé e fò jìnnà tó, títí yóò fi já bọ́ kúrò lórí pèpéle pátápátá. Nítorí náà, bí ara ṣe wúwo tó, bí ó ṣe ń yára já bọ́ àti bí ẹsẹ̀ ṣe ń di ilẹ̀ mú wà lára ohun tí ń pinnu ẹni tí yóò borí.

Ọdún 1999 ni ẹ̀dà àkọ́kọ́, Super Smash Bros., jáde fún Nintendo 64, ẹ̀rọ gémù ilé iṣẹ́ Nintendo. Melee, ẹ̀dà kejì, tẹ̀lé e fún GameCube, ẹ̀rọ gémù Nintendo mìíràn, ní ọdún 2001, Sakurai sì sọ pé oṣù mẹ́tàlá ni wọ́n fi ṣe é. Bóyá ìkánjú yẹn wà lára ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n dí gbogbo ihò inú rẹ̀.

Ihò kan nínú wọn ni àwọn tí ń gbá a ń pè ní wavedash. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é yóò fò, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá sì ti kúrò nílẹ̀ báyìí, yóò tẹ bọ́tìnì ìyẹra, yóò sì ti ọ̀pá pádì sí ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ilẹ̀ yóò pàdé rẹ̀ kí ìyẹra náà tó parí, ipá tí ó gbé e bọ̀ kò sì ní kú, ńṣe ni yóò máa yọ̀ lórí ilẹ̀ bí ẹni tó tẹ omi ọṣẹ. Bí ó ti ń yọ̀ lọ, ó lè lo gbogbo ẹ̀ṣẹ́ tí ẹni tó dúró lójú kan lè lò. Luigi, ọ̀kan lára àwọn oníjà inú gémù náà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í di ilẹ̀ mú, ni ó máa ń yọ̀ jìnnà jù lọ.

Nígbà tí Brawl, ẹ̀dà kẹta, jáde ní ọdún 2008, wọ́n ti mú wavedash kúrò, ìjábọ́ ti falẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ sáré lè ṣàdédé fẹsẹ̀ kọ kí ó ṣubú. Sakurai fẹ́ kí ọ̀gbẹ̀rì lè bá ọ̀jáfáfá ṣeré, ète náà kò sì burú lójú mi. Ṣùgbọ́n ìṣubú àkọsẹ̀bá kì í ṣe ohun tí ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ìka rẹ̀ lè fara mọ́. Ọ̀pọ̀ wọn padà sí Melee, wọ́n ń ru tẹlifíṣọ̀n onídìí ńlá àtijọ́ lọ síbi ìdíje, nítorí pé kì í pẹ́ kí ó tó gbé àwòrán jáde.

Ní ọdún 2013, àwọn olùfẹ́ Melee dá owó tó lé ní 94,000 dọ́là fún ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ ọmú, kí gémù wọn lè wọ EVO, ìdíje ńlá fún àwọn gémù ìjà, nítorí pé iye owó tí wọ́n bá dá ni wọ́n fi yan gémù tí yóò wọ̀ ọ́. Nintendo, tí ó ni gémù náà, kọ́kọ́ ní kí wọ́n má gbé ìdíje Melee náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ó yí ohùn padà lọ́jọ́ náà gan-an. Nígbà tí àrùn Kòrónà sé gbogbo ènìyàn mọ́lé ní 2020, Slippi ni wọ́n ń gbá Melee lórí láti ilé wọn: ètò íntánẹ́ẹ̀tì kan tí ń méfò ohun tí alátakò yóò tẹ̀, tí ó sì ń sún eré padà sẹ́yìn díẹ̀ láti tún un ṣe bí ó bá ṣì í. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, Nintendo dá ìdíje The Big House dúró nítorí Slippi yìí, àmọ́ àwọn olùfẹ́ Melee kò tìtorí ìyẹn gbé pádì wọn sílẹ̀.